Fódà Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Tilak àbúrò mi ní Dhankuta,

Láptọ̀ọ̀pù mi tí mo fi sílẹ̀ sílé ti kún, o sì ti ń pa fódà rẹ́ láti àná. Màámi mọ̀. Èmi tí mo ni ín lẹ ò sọ fún, àfi ohùn tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ẹ̀gbọ́n, pàǹtírí lẹ kó jọ jàre!"

Òótọ́ ni. Fódà tí a fi gbé ètò kọ̀ǹpútà sórí ẹ̀rọ kò wúlò mọ́ bí ètò náà bá ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò ná. Èyí tí mo pè ní "Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé" kì í ṣe ètò. Ìgbà wo la ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé? Ẹ̀dà ìwé ìrìnnà mi àti àdéhùn iṣẹ́ mi ló wà níbẹ̀. Mo fi í pamọ́ kí Màámi má baà rí i pé ọdún mẹ́ta ni, kì í ṣe ọ̀kan. Bí o bá ti pa á rẹ́, wá a nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ẹ̀rọ náà. Má da apẹ̀rẹ̀ yẹn nù!

Ara mi le. Ọ̀gá mi ló ń bá mi tọ́jú ìwé ìrìnnà gan-an, ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Obìnrin kan ní ọ́fíìsì aṣojú ìjọba wa níbí ní kí n ṣáà mú ẹ̀dà wá.

Kí Màámi. Sọ fún wọn pé ẹ̀fọ́ gbígbẹ wọn ò tíì tán.

Fi ẹ̀dà méjèèjì ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yìí kí aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó lù. Ẹni tó yá mi ní fóònù yìí ń lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sarmila