Àtùpà Tí Àwọn Ọmọ Ò Ṣe

Màámi,

Ẹ kú ọdún Wẹ́sákì, ọdún ìbí Búdà wa o. Ara mi le, òtútù òkè oko tíì yìí ò mú mi mọ́. Àtùpà oníbébà iléèwé wa ló rẹwà jù níbi ìdíje àtùpà táwọn ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara wọn ṣe.

Àmọ́ inú ń bí mi, Màámi! Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kíláàsì ẹ̀sìn wọ aṣọ funfun, wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú Búdà. Ọ̀gá iléèwé wa, Wijepala, ló ń ṣáájú, àwọn ọmọ ń gbè é: "Mi ò ní purọ́." Òun náà ló lọ gbé oníṣẹ́-ọnà wá láti ìgboro kó bá wa ṣe àtùpà!

Adájọ́ ìdíje bi Senuri kékeré, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, pé, "Ta ló ṣe é?"

"Bọ̀ọ̀dá kan láti ìgboro ni, sà. Àwa kàn ń wò wọ́n ni."

Wọ́n lé wa kúrò nínú ìdíje. Ọ̀gá fa ọmọ náà létí, ó kọjú sí mi: "Tíṣà, mú un lọ bá adájọ́, kó sọ pé irọ́ lòun pa!"

Ojú ò tì í! Mo ní, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ, sà. Ẹ̀yin lẹ mọ irọ́ọ́ pa."

Iléèwé ní kí n má wá kọ́ni mọ́, kí n lọ sinmi nílé ná. Ìsinmi dára.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Tí wọ́n bá béèrè iṣẹ́ mi, ẹ sọ pé ó ń lọ... Rárá. Ẹ ṣáà bá mi kí wọn.

Dilrukshi yín