Walburga Heckenroth, Ẹni Tí Ó Dá Iná Padà sí Ilé Búrẹ́dì Krähenroth
(1934–2022)

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 1934, Kreszentia Nöll ń to ìdì ìṣẹ́pẹ́ sínú ààrò ilé búrẹ́dì Krähenroth, abúlé wa yìí ní orí òkè Westerwald, ilẹ̀ Jẹ́mánì, nígbà tí ìrọbí mú wọn. Búrẹ́dì jinná, ọmọ náà sì dé: Walburga, àbíkẹ́yìn wọn. Bàbá ọmọ náà ni Alban Nöll, tí ó ń fọ́ òkúta. Àwọn aládùúgbò ní ọmọ yìí kò ní í bẹ̀rù èéfín láé. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ọdún 1941 ni Màmá Walburga bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, nínú yàrá kan ṣoṣo tí olùkọ́ kan ti ń kọ́ gbogbo ọmọ abúlé. Nígbà tí ogun parí, òkè wa ti di àpáta ìhòòhò, a ti gé igi rẹ̀ tán. Màmá wà lára àwọn obìnrin tí ó tún un gbìn. Igbó tí ẹ gbà kọjá kí ẹ tó dé ibí lónìí, ọwọ́ wọn ni ó gbin púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1957, wọ́n fẹ́ Bàbá wa, Lothar Heckenroth, agbẹ́-òkúta, nínú ilé ìjọsìn yìí. Ìlà kẹta lápá òsì ni Màmá máa ń jókòó sí. Àwọn ni wọ́n ń fọ aṣọ orí pẹpẹ.

Nígbà náà, ilé búrẹ́dì ni ojúde gbogbo wa. Èéfín ni yóò kọ́kọ́ pe ènìyàn. Ẹni tí ó ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà yóò dúró tì í lẹ́nu ààrò kan náà, kí òórùn búrẹ́dì tó jáde, wọ́n á ti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1968, ọkọ̀ búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá láti ìlú. Ààrò tutù. Àwọn ọ̀dọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Nínú àwọn ọmọ Màmá, Roswitha lọ sí Kánádà, Volkmar lọ sí Hamburg. Màmá a máa sọ pé ojú ọ̀run Krähenroth ti mọ́ jù, èéfín kan ṣoṣo ni àwọn ń wá níbẹ̀.

Ní ọdún 1999, Gisbert Stahlhofen, baálẹ̀ wa nígbà náà, fẹ́ wó ilé náà, kí àwọn àlejò tí ó ń wá gun ilé ìṣọ́ orí òkè, tí wọ́n sì ń wo àwọn ilé onípákó àtijọ́, lè rí àyè gbé ọkọ̀ sí.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́,” ni baálẹ̀ wí níwájú ìpàdé, “ejò nìkan ló ń gbé ibẹ̀.”

“Gisbert! Ta ló ń fún ọ ní èèpo búrẹ́dì gbígbóná nígbà tí o ṣì ń fa ikun símú? Ejò ni?”

Ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì ní, “Ó dáa. Bí ẹ bá yan búrẹ́dì níbẹ̀ kí ọdún ìjọ tó dé, a ò ní fọwọ́ kàn án.”

Ìyánhànhàn kì í jẹ́ kí ènìyàn ní sùúrù. Lọ́jọ́ kìíní, Màmá kó igi kún ààrò dẹ́nu.

“Ìyá Volkmar,” ni Bàbá wí, “ṣé búrẹ́dì lẹ fẹ́ yan ni, àbí màlúù?”

Kò pẹ́, òkúta àjà ààrò bẹ́ gbàù. Màmá jókòó sórí àpótí títí eérú fi tutù.

Nígbà tí wọ́n fọwọ́ pa àfọ́kù òkúta náà, wọ́n rí i pé inú rẹ̀ tutù. Òjò ọgbọ̀n ọdún ti wọ ọ́ lára. Iná ńlá sọ omi náà di èéfín gbígbóná, kò rí ọ̀nà jáde, ó bá fọ́ ilé rẹ̀. Bàbá gbẹ́ òkúta mìíràn. Màmá po amọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, wọ́n fi rẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà, iná ẹ̀kúnwọ́ kan ni wọ́n ń dá, wọn a jẹ́ kí ó kú. Lọ́jọ́ kejì, wọn a fi díẹ̀ kún un. Ògiri ń làágùn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ nù ún, bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn, títí ọjọ́ tí ọwọ́ wọn fi gbẹ.

Ó ku ọ̀la kí ọdún ìjọ pé, wọ́n dá iná gidi. Wọ́n wọ́ ẹ̀yinná jáde, wọ́n fi ìgbálẹ̀ tútù gbá inú ààrò, wọ́n sì wọ́n ìyẹ̀fun sí ilẹ̀ rẹ̀. Ó dúdú lójú ẹsẹ̀: ooru ti pọ̀ jù. Wọ́n dúró. Nígbà tí ìyẹ̀fun ń pọ́n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n ti búrẹ́dì wọlé. Nígbà tí ó jáde, Màmá kan ìdí rẹ̀ bí ẹni kan ilẹ̀kùn, ó sì dún kókó, bí ohun tí inú rẹ̀ ti jinná. Baálẹ̀ jẹ ẹ̀kínní tán.

“Ẹ bá mi gé kan sí i, Màmá.”

“Ti ejò náà ńkọ́?”

Wọn kò wó ilé náà. Ìsàlẹ̀ òkè ni àwọn àlejò ń gbé ọkọ̀ sí, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn gòkè. Ní ọdún kejì, Volkmar kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wá sílé, kò sì padà mọ́.

Bàbá ṣáájú ní ọdún 2011. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún yìí ni Màmá jẹ́ ìpè Ọlọ́run, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n fi Volkmar àti Roswitha sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún àti àtọmọdọ́mọ kan. Ó ṣòro fún wa láti rí ẹnu ààrò láìrí wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbójú sókè bí ẹ bá jáde: èéfín ti ń rú láti òwúrọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni ó dá a. Nígbà tí a bá fi máa sin wọ́n tán, búrẹ́dì yóò ti jinná.

Màmá, kí ilẹ̀ òkè wa rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ sùn ire o.