Ipa Ọ̀gá Tí Wọ́n Ní Kí N Kó

Màmá, ẹ kú ilé o. Ara mi le, mo dúpẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n ní ká fi àjàrà tí à ń dì sínú páálí sílẹ̀, wọ́n fún wa ní búrẹ́dì àti èso píà, wọ́n wá kọ́ wa pé kò dáa ká máa fìyà jẹ ara wa níbi iṣẹ́. Olùkọ́ tí wọ́n mú wá ní ká ṣeré: kí Yasna, ọ̀gá wa, ṣe ará Haiti bíi tèmi, kí èmi ṣe ọ̀gá.

Mo ní, "Dúdú, ọwọ́ ẹ rọ ni? Padà sórí ọkọ̀ tó gbé ẹ wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní èdè Sípáníìṣì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ta ló kọ́ mi? Mo wo Yasna.

Láti ọjọ́ náà, Yasna kì í pè mí ní Dúdú mọ́, orúkọ mi, Mirlande, ló ń pè mí. Mo dúpẹ́ gan-an ni.

Ẹ bá mi kí Guerda, àbúrò mi. Ibí dáa o, àmọ́ ẹ ní kó má tíì wá.