Ẹkún Sìdíkátù Nínú Rédíò

Ọ̀fà, Jímọ̀, 1962

Ọkàn mi ò tíì balẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, Tíṣà tó gba yàrá nílé wa yí rédíò sókè. Ó ní òyìnbó tó rìnrìn àjò wá sí Ọ̀fà lọ́dún tó kọjá ti fi ìlú wa ṣe orin. Inú mi dùn! Gòjé òyìnbó pọ̀ níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ni fèrè kan bá gbé ohùn ẹkún ìyàwó tí ẹ̀gbọ́n mi Sìdíkátù sun lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀, tí òyìnbó náà wá wòran. Ohùn ẹ̀ gan-an! Orí mi wú.

Tíṣà ní, "Wọ́n ní ibi tí ọmọbìnrin ti ń sunkún òkú nìyẹn."

Ìyá fò dìde. "Òkú kẹ̀? Ọmọ mi tó lóyún sínú! Ẹ pa nǹkan yẹn!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Òyìnbó ò mọ̀ pé gbogbo ìyàwó ló ń sunkún jáde nílé bàbá ẹ̀.

Sìdíkátù tó wá kí wa ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ tán. Òyìnbó yẹn nìkan ló gbọ́ ohun tí mò ń sọ lọ́jọ́ yẹn."

Háà. Gbogbo wa là ń pàtẹ́wọ́ fún un nígbà yẹn, à ń ní ẹkún ẹ̀ dùn.