Òkúta Iwájú Ilé Kò Tíì Jókòó

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi obìnrin,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Bí o bá ń béèrè wa, a wà láàyè, à ń jẹ, à ń mu, àfi ìyá rẹ tí orúnkún ń yọ lẹ́nu díẹ̀, tó sì ní kí n má sọ fún ọ, torí náà gbà pé mi ò sọ ọ́. Àdúrà wa ni pé ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ọ̀nà rẹ kò ní dí, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò sì ní rí ọ sá. Àmín.

Orí ilẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O rántí ìgbà tí o wá kẹ́yìn, tí ọkọ̀ rẹ rì sínú ẹrẹ̀ iwájú ilé wa, tí gbogbo àdúgbò wá bá wa tì í, tí ẹrẹ̀ ta sí ọ lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí o wá búra pé ọkọ̀ rẹ kò ní dé ẹnu ọ̀nà yìí mọ́ àfi tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá dára. Mo rò pé ìbínú lásán ni. Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò tún rọ̀, a ò rí ọ. Nígbà tí o wá ní o ti rí ẹni tí yóò tẹ́ òkúta síbẹ̀, inú mi dùn débi pé mo kí télọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa, ẹni tí a ti ń yan ara wa lódì látọjọ́ pípẹ́. Ẹnu yà á.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù dé. Àmọ́ jọ̀ọ́, òkúta inú fóònù yẹn kéré jù. Mo fi ìka wọ̀n ọ́n, kò tó ẹ̀wà. Mo sọ fún òṣìṣẹ́ rẹ pé tó bá jẹ́ pé bó ṣe tóbi mọ nìyẹn, táyà ọkọ̀ ọmọ mi máa kó gbogbo ẹ̀ lọ níjọ́ kan ṣoṣo. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó wá bi mí irú bátànì tí mo fẹ́, ṣé eegun ẹja ni àbí èyí tó rí bí ẹní. Háà! Mo ní láti ọjọ́ tí mo ti kọ́lé, a ò fi eegun ẹja sílẹ̀ níwájú ilé wa rí, ṣé ó fẹ́ kí gbogbo ológbò àdúgbò kó wá bá wa ni? Ẹní la mú. Ní ti àwọ̀, ìyá rẹ fẹ́ pupa, èmi fẹ́ àwọ̀ eérú, a wá fẹnu kò, a mú pupa.

Òṣìṣẹ́ náà ní íńtalọ́ọ̀kù lorúkọ òkúta náà. Mo ní kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó ní kò ní kọ́kọ́rọ́. Lọ́ọ̀kù wo ni kì í ní kọ́kọ́rọ́? Ó ní àwọn òkúta náà ló di ara wọn mú. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí o mọ̀ o, wọn ò fún wa ní kọ́kọ́rọ́.

Kí n má purọ́, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́. Ó gbẹ́ ẹrẹ̀ náà dànù, ó da òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn sí i, ó wá ń to òkúta pupa náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi okùn wò ó bóyá ó tọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ó ń fi tẹ òkúta mọ́lẹ̀. Ó ní kí n dì í mú wò. Mo dì í mú. Eyín mi ṣì ń bá ara wọn jà títí di ìrọ̀lẹ́.

Ìgbà tó parí, ó da yanrìn sórí gbogbo ẹ̀, ó ní òun ń lọ jẹun. Ìyá rẹ jáde, ó ní àwọn oníṣẹ́ ayé ìsinsìnyí kì í palẹ̀ mọ́, ló bá mú ìgbálẹ̀. Orúnkún tí mi ò sọ fún ọ yẹn náà ló fi gbá a mọ́ tónítóní, ó tún fi ṣóńṣó ìgbálẹ̀ họ èyí tó há sáàárín òkúta. Ọkùnrin náà dé, ó káwọ́ lérí. Ó ní yanrìn yẹn gan-an ló ń di òkúta mú! Òkúta ti ń mì bí eyín arúgbó. Ó tún da yanrìn mìíràn, ó tún gbé oníbà rẹ̀ jáde, ó wá bẹ̀ wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, pé kí a má gbá a, kí a má tẹ̀ ẹ́, kí a jẹ́ kó jókòó ná.

A gbọ́. Láràárọ̀ ni mò ń yọjú lójú fèrèsé wò ó. Kò jókòó o. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja ni. Mo pe ìyá rẹ, òun náà wò ó, ó ní bóyá ó ṣì ń rẹ̀ ẹ́, ṣebí wọ́n lù ú. A ti ìlẹ̀kùn iwájú pa, a wá ń gba ẹ̀yìnkùlé, inú àgbàlá télọ̀ lèèyàn sì máa gbà jáde níbẹ̀. Bí èmi àti ẹ̀ ṣe padà di ọ̀rẹ́ nìyẹn, torí èèyàn ò lè máa gba àgbàlá ẹni kó tún máa yàn án lódì. Ṣòkòtò mi há sára wáyà ọgbà rẹ̀, òun náà ló bá mi rán an.

Àárọ̀ àná, òṣìṣẹ́ rẹ ń kọjá, ó bá mi níbi tí mo ti ń yọ ṣòkòtò lára wáyà. Mo fi ìbínú sọ fún un pé òkúta rẹ̀ kọ̀, kò jókòó. Ó rẹ́rìn-ín títí òun fúnra rẹ̀ fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kó wọlẹ̀ dáadáa, kó má mì mọ́, ni òun ń pè ní ìjókòó, pé ó ti jókòó tipẹ́, kódà ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà á. Ìyá rẹ tó ń gbọ́ wa látinú ilé ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, ó ti ṣílẹ̀kùn iwájú bọ́ sórí òkúta, ó ń yan bí ìyàwó tuntun.

Èmi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Àgbàlá télọ̀ ni mo ṣì ń gbà. Ìyá rẹ bi mí ìdí ẹ̀, mo ní orí ló ń fọ́ mi, ó ní kí ló kan orí kan ẹsẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọjọ́ tí mo bá ń sáré lọ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún ọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Àárò rẹ ń sọ mí, ọmọ mi. Mi ò kì í sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ mí gidi. Ẹrẹ̀ ti lọ. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kó má lọ jẹ́ pé ẹrẹ̀ kọ́ ló ń dá ọ dúró.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. A nílò díẹ̀, ṣùgbọ́n má fi sí báńkì. Ìgbà tí mo lọ síbẹ̀, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, mo bi wọ́n pé ibo ló lọ, mo sì jókòó dè é títí wọ́n fi tilẹ̀kùn, kò dé. Fi owó náà ra epo sọ́kọ̀, kí o gbé èyí tó bá ṣẹ́ kù wá fúnra rẹ. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ, yóò ṣọ́ ọ bọ̀, o ò ní rìn níjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Mo ti gbé àga mi sẹ́nu ọ̀nà iwájú. Òkúta ti jókòó, èmi náà ti jókòó tì í. Ìwọ nìkan ló kù.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.