Lẹ́tà Ìpè Tó Wà Lábẹ́ Ẹní Mi

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Akọ̀wé kíláàbù bọ́ọ̀lù kan ní Ajégúnlẹ̀ ni mí, inú sì ń bí mi.

Lésìí, àwọn tó ń ṣa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa kó Edwin, agbábọ́ọ̀lù wa kan, lọ gbá ife ràdàràdà kan nílẹ̀ òkèèrè. Orí bẹ́ńṣì ló jókòó sí títí wọ́n fi parí! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n nà wá nínú líìgì níbí kó tó dé. Ta ló tiẹ̀ rántí ẹni tó gbé ife ọ̀hún?

Wọ́n tún ti kọ̀wé pe ọmọkùnrin mìíràn tó ń gbáyò sáwọ̀n fún wa, nígbà tí líìgì ku eré méjì péré. Mo fi lẹ́tà náà pamọ́ sábẹ́ ẹní mi.

Láàárọ̀ yìí, ìyá rẹ̀ bi mí pé, “Akọ̀wé, wọn ò tíì pe ọmọ mi?” Mo ní rárá.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé mo jẹ̀bi? Ẹ fèsì, àmọ́ ẹ rọra sọ̀rọ̀ o. Ìyá náà ń gbọ́ ètò yín.