Ìyálé Mi Kò Gbọdọ̀ Tutù

Ọjọ́bọ̀, 4/7/2024
Òjò láti òwúrọ̀. Òkè Mápó kò hàn. Bàbá Qúdrát, ó rẹ̀ mí. Ìbọn ṣakabùlà yín ṣì wà lára ògiri — Ìyálé, bí mo ṣe máa ń pè é nínú mi, torí òun ló ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ yín. Bàbá Àkíbù, olórí ọdẹ, ránṣẹ́ pé lọ́jọ́ kẹrìnlá ni wọ́n máa wá ṣe ìṣípà yín, ètùtù tí wọ́n ń ṣe fún ọdẹ tó bá kú, kí ẹ lè bọ́ nínú iṣẹ́ ọdẹ. Ìyálé gbọ́dọ̀ dún lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó fà á lé àbúrò yín, Nojeem, lọ́wọ́. Bí kò bá dún, ó di ti àgbẹ̀dẹ. Wọ́n á fi rọ ọkọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 5/7
Awọ ewúrẹ́ tẹ́ ẹ fi bo ibi tó ti ń ṣáná ti tutù. Tẹ́lẹ̀, èéfín ààrò ló ń lé ọ̀rinrin lára rẹ̀. Látìgbà tí Qúdrát ọmọ wa ti ra gáàsì fún mi, kò séèfín mọ́. Àdín yín sì ti tán. Mo fi òróró tí mo fi dín ẹja lánàá pa á lára. Òróró ṣáà ni òróró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6/7
Òjò mọ́jú. Mi ò sùn. Mo ń fọwọ́ wá ibi tó ń jò sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9/7
Ó ti dípẹtà! Pupa bí osùn, láti ẹnu dé ìdí. Mo sunkún, mo ránṣẹ́ pe Bàbá Àkíbù. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wò mí. "Ìyàwó wa, ẹ̀kọ ló kù báyìí!" Wọ́n ní iyọ̀ ẹja ló ń jẹ irin. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tí mo máa ṣe.

Ọjọ́rú, 10/7
Omi gbígbóná, eérú, àkísà. Ọwọ́ mi bó. Oòrùn yọ, mo gbé e síta. Òjò ṣú, mo sáré gbé e wọlé. Báyìí títí ilẹ̀ fi ṣú. Karimat ará ilé wa ní, "Ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé ọmọ tuntun lẹ gbé yá oòrùn ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 12/7
Mo ra àdín l'Ọ́jà'ba. Mo fi ìyẹ́ adìyẹ pa á dénú. Ara rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n mi ò mọ inú rẹ̀. Mi ò mọ inú yín náà nígbà àìsàn yẹn. Ẹ ṣáà ń ní kò sí nǹkan.

Ọjọ́ Àìkú, 14/7
Ọdẹ kún àgbàlá. Òjò ń ṣú bọ̀. Bàbá Àkíbù rọ ẹ̀tù sí i, wọ́n gbé e sókè — kẹ́, kò dún. Wọ́n nu ojú rẹ̀, wọ́n tún un gbé. Ó dún! Adìyẹ fò, ọmọdé hó, èmi jókòó sílẹ̀. Nojeem gbà á. Mo ní nínú mi pé, ó ti ṣú Ìyálé lópó.
Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òrùlé òun n'Ísàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ń jò, kí n jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi títí dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí mo ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n mo ní, "Rárá o. Ẹ wá ibi tí kò jò nínú ilé yín. Ẹni tó gbà á ni kó máa jí tọ́jú rẹ̀."
Ó fi agbádá rẹ̀ bò ó, ó gbé e lọ.

Ọjọ́ Ajé, 15/7
Karimat ní òjò ńlá rọ̀ mọ́jú. Mi ò gbọ́. Ẹ má bínú.